Erìgì àti Àìsàn Ara: Ohun Tí Ìtàn Sọ

 

Ẹ̀yin ará wa, gbogbo wa la mọ hadíìsì Abu Huraira tó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, pé bí kì í bá ṣe ìnira ìjọ rẹ̀ tí Ànábì ń rò ni, ìbá pa wá láṣẹ orín rírun níbi ìrun kọ̀ọ̀kan. Kódà, nínú àìsàn ikú rẹ̀, orín ló ń wò lọ́wọ́ Abdur-Rahman ọmọ Abu Bakr, tí ìyá wa Aisha fi gbà á, tó fi eyín tirẹ̀ rọ̀ ọ́ kó tó fún un.

Àwọn onímọ̀ wa kò fi mọ sórí orín nìkan. Abul-Qasim Az-Zahrawi, oníṣègùn Kọ̀dóbà ní ilẹ̀ Andalus, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, kọ ìwé At-Tasrif ní apá 30. Nínú apá tó kẹ́yìn, ó ṣàlàyé ìdọ̀tí líle tó máa ń gan mọ́ ìdí eyín, tó ń ba erìgì jẹ́, ìyẹn ẹran tí eyín fìdí lé. Ó ya àwòrán irin tí a fi ń ha á. Ó ní bí kò bá tán lọ́jọ́ kìíní, kí a tún un ha lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Iṣẹ́ tí dókítà eyín ń ṣe lónìí náà nìyẹn o!

Ó tó nǹkan bí 900 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí William Hunter, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó kọ̀wé ní 1900 pé ìdọ̀tí ẹnu ló ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn inú ara. Ní 1910 ó tún sọ ọ́ ní Montreal, ní Kánádà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá di àṣejù. Àwọn dókítà gbé ẹ̀mú, wọ́n ń fa eyín tó dára nítorí làkúrègbé. Ní Trenton, ní Amẹ́ríkà, Henry Cotton ń fa eyín àwọn alárùn ọpọlọ, ó ní ibẹ̀ ni wèrè wọn ti wá. Eyín lọ, àìsàn kò lọ. Ní 1938, Russell Cecil, tí òun náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tẹ́lẹ̀, yẹ àwọn 200 alárùn oríkèé ara wò, ó sì rí i pé fífa eyín kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ni wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Àmọ́ òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 1989, àwọn dókítà ilẹ̀ Finland rí i pé ẹnu àwọn tí àrùn ọkàn kọlù bàjẹ́ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní 1993, Harald Löe ka àìsàn erìgì mọ́ ohun tí àtọ̀gbẹ máa ń fà. Ti àtọ̀gbẹ yìí ló yé wa jù: bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, erìgì á tètè bàjẹ́, bí erìgì bá sì wú tó ń ṣọyún, ṣúgà náà á ṣòro láti káwọ́. Ti ọkàn kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, ẹgbẹ́ American Heart Association sọ pé àìsàn méjèèjì máa ń rìn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ló ń fa èkejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ aláàfáà, ẹ má gorí mínbárì kí ẹ ní orín ń wo àrùn ọkàn sàn. Ànábì kò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà náà kò sọ bẹ́ẹ̀. A ń run orín nítorí pé sunna ni, ó sì ń fọ ẹnu mọ́. Ẹni tí erìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń run orín, kó má sọ pé orín ló le jù, kó lọ rí dókítà eyín. Bó bá ní àtọ̀gbẹ, kó sọ ọ́ fún dókítà náà kó tó la ẹnu.