Ta Ni Àkọ́kọ́? Àníkẹ́ Agbájé-Williams àti Iṣẹ́ Obìnrin Lórí Tẹlifíṣàn

1. Ìfáárà
Ó rọrùn láti bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, 'Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ wa?' Ìdáhùn rẹ̀ ni kò rọrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ orúkọ Arábìnrin Àníkẹ́ Agbájé-Williams. Òmíràn lè kọ ti Arábìnrin Julie Coker. Bí olùdánwò bá fún ọ̀kan ní máàkì, tí ó sì fa igi sí ti èkejì, a jẹ́ pé ó fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi hàn pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, àti pé èdè Yorùbá kò ṣaláìní ohun tí a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

2. Bí tẹlifíṣàn ṣe dé
Ọ̀rọ̀ òṣèlú wà lára ohun tí ó bí ilé-iṣẹ́ náà. Ní 1953, Gómìnà John Macpherson bẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group lórí rédíò. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, béèrè fún àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò fún un. Nígbà tí òfin 1954 gba àwọn ìjọba ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion láti dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31, oṣù Ọkitóbà, 1959. Ìjọba tún ní in lọ́kàn pé yóò ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti mú kí ọmọ kún ilé-ìwé, olùkọ́ kò sì tó.

Ilé-iṣẹ́ náà pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Níhìn-ín pẹ̀lú, ó yẹ kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ wà ní Mòrókò ní 1954 àti ní Àlìjíríà ní 1956, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe àkóso níbẹ̀. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà sí ni pé WNTV ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà.

3. Iṣẹ́ mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta
Ojú Arábìnrin Agbájé-Williams ni ó kọ́kọ́ hàn lórí WNTV lọ́jọ́ náà. Ohùn wọn náà ni a kọ́kọ́ gbọ́ lórí WNBS, rédíò ìjọba kan náà. Iṣẹ́ akéde ni èyí: kíkí àwọn òǹwòran káàbọ̀, sísọ ohun tí ó kàn. Iṣẹ́ akéde kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni a sábà mọ̀ mọ́ agogo rẹ̀. Obìnrin ni ó wá ṣíṣọ lójú agogo tuntun yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kéré e. Yorùbá ní ẹyin lohùn; lójú tẹlifíṣàn ayé ìgbà náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ètò ń lọ ní tààrà, èyí tí ó bá bọ́ kò ṣeé kó jọ mọ́. Kò sì sí obìnrin kankan tí ó ti ṣe é níbẹ̀ rí tí wọ́n lè fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ọ̀tọ̀ ni kíka ìròyìn. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Ọlásọpé ni ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ kà á ní WNTV. Arábìnrin Coker, ọmọ Ìtsẹkírì tí ó dara pọ̀ mọ́ WNTV ní 1959, ni a mọ̀ sí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ka ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí tẹlifíṣàn NBC ní Èkó. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ oníròyìn gan-an, ẹni tí ń jáde lọ wádìí ọ̀rọ̀, tí ó sì ń kọ ọ́. Ẹni kan lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í ṣe èkejì.

4. Àgbálọgbábọ̀
Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Ọ̀rọ̀ náà 'àkọ́kọ́' kò pé bí a kò bá sọ iṣẹ́ tí a ń wí, ibi tí a ti ṣe é àti ọdún rẹ̀. Ní Ìjàgun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni Yunifásítì Táì Ṣólàrín wà, tí a dá sílẹ̀ ní 2005 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn tí ń jáde níbẹ̀ àti níbòmíràn ni yóò gbé ìtàn yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa. Àbá wa ni pé kí olùdánwò béèrè báyìí: 'Ojú obìnrin wo ni ó kọ́kọ́ hàn lórí WNTV ní 1959?' tàbí 'Obìnrin wo ni ó kọ́kọ́ ka ìròyìn níbẹ̀?' Bí ìbéèrè bá ti gún, ìdáhùn yóò gún. Nígbà náà, a kò ní í gba adé orí obìnrin kan láti fi dé èkejì, nítorí olúkúlùkù wọn ní tirẹ̀.