Lẹ́yìn Owó Udoji: Ohun tí Ó Ń Mú Òṣìṣẹ́ Rere Dúró

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, owó rọ̀ bí òjò fún àwọn òṣìṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí ni ó dábàá àfikún owó oṣù, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì san àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ Udoji di orúkọ owó lẹ́nu ará ìlú. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ọba ti pàdánù iṣẹ́ wọn. Bí owó ṣe dé tí ìbẹ̀rù sì tẹ̀ lé e yìí fi hàn pé owó lè pe òṣìṣẹ́ wá, ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù kan. Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn. Ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì ká a mọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ebi nìkan ni ó ń bí wọn nínú. Ipò gíga lẹ́nu iṣẹ́ ọba ni a ń pè ní ipò oyìnbó nígbà náà. Ọmọ Nàìjíríà lè mọ iṣẹ́ náà dunjú, kí ó sì fi ogún ọdún ṣe é, síbẹ̀ kí ó má lè kọjá ibi tí a fi àwọ̀ ara rẹ̀ dé e mọ́.

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí ní Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1954, ó sọ owó iṣẹ́ òòjọ́ tí ó kéré jù di ṣílè 5. Ó ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ń tètè fi ọmọ onílẹ̀ sí ipò tí oyìnbó ń fi sílẹ̀. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti ṣe akọ̀wé rélùwéè rí, di olórí òṣìṣẹ́ ọba níbẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wọn yé tọmọdé tàgbà: òṣìṣẹ́ a gba mínísítà ní ìmọ̀ràn láìbẹ̀rù, mínísítà a pinnu, òṣìṣẹ́ a sì fi tọkàntọkàn mú ìpinnu náà ṣẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Òótọ́ ni pé owó kòkó ran ìjọba náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó kòkó kì í kọ ìwé, kì í sì í ka ọmọ sílé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Òṣìṣẹ́ tí ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ọ̀gá rẹ̀ ni ó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí Adébọ̀ yẹ owó oṣù wò ní ọdún 1970, ìgbìmọ̀ rẹ̀ rí i pé ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nílò àtúnṣe. Èyí ni ó bí ìgbìmọ̀ Udoji. Udoji pẹ̀lú sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí a ó ṣe máa ṣàkóso iṣẹ́, tí a ó sì máa fi àbájáde iṣẹ́ díwọ̀n òṣìṣẹ́. Owó nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Kò pẹ́ tí ọjà fi gbówó lórí, tí àfikún náà sì ń yọ́ dànù bí òrí inú oòrùn.

Ní oṣù Keje ọdún 1975, Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba. Ó lé òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Oníwàìbàjẹ́ àti ọ̀lẹ wà nínú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kò fún láyè láti wí tẹnu wọn pọ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù kọ́gbọ́n: ẹni tí a lè lé láàárọ̀ ọ̀la kò ní fi òní sọ òótọ́ fún ọ̀gá, yóò kúkú máa wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí.

Lónìí, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Owó oṣù tí kò tó nǹkan wà nínú ìdí rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó ti sìn fún ọdún 35, tí ó ń tò fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ni ọ̀dọ́ ń wò kí ó tó pinnu. Ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ẹni rere dúró yóò kọ́kọ́ mú ìlérí tí ó ṣe fún ẹni tí ó ti dúró ṣẹ.