Efinrin, Búrẹ́dì àti Àárọ̀ Nyanya: Ìtàn Bí Pesto Ṣe Dé Ẹ̀yìnkùlé Wa

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin rí oúnjẹ kan lórí fóònù: búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n fi pesto sí láàárín. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Ìgò kékeré tí mo rí nínú ìlú, owó rẹ̀ ju owó ọbẹ̀ ọjọ́ méjì lọ. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, mo já efinrin, mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ewé ọbẹ̀ ata ẹja yín mà nìyí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé kí n kọ ìtàn yìí.

Ìlú Genoa ní Ítálì ni pesto ti wá. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí èèyàn gún nǹkan ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Inú odó òkúta ni wọ́n ti ń gún un: ewé basil, aáyù, iyọ̀, èso igi páìnì, wàràkàṣì àti òróró ólífì. Ẹ wò ó dáadáa, ọbẹ̀ odó ni. Àwa tí ìyá wa ń lọ ata lórí ọlọ, ṣé a ó ní a ò mọ irú ẹ̀? Basil yẹn fúnra rẹ̀, mọ̀lẹ́bí efinrin ni. Efinrin wẹ́wẹ́ ni àwọn àgbà ń pè é. Efinrin ńlá ni èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Àwọn Haúsá ń pè é ní daidoya, àwọn Ígbò ní nchanwu.

Ewé náà kì í ṣe àjèjì. Búrẹ́dì gan-an ni àlejò. Ní 1913, ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá sí Èkó láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní 1921. Ó lówó níbẹ̀ débi pé ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Búrẹ́dì tó fẹ́lẹ́, tó dùn, tó sì ki, tí a wá mọ̀ sí búrẹ́dì Àgége, tẹ̀lé ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kúrò l'Ékòó. Àlejò ló mú un wá, àlejò ló ń jẹ ẹ́ káàkiri.

Àwa náà ńkọ́? Ní 1975, ìjọba Murtala Mohammed yan ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Yorùbá, jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n wá ibi tí olú ìlú tuntun yóò wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ni òfin Àbújá jáde. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, ẹ jẹ́ ká máa rántí. Nyanya wá di ibùdó àwọn lébìrà tó ń kọ́ ìlú náà: bíríkìlà, káfíńtà, dírẹ́bà, àti àwọn tó ń se oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, búrẹ́dì wọ́n gógó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991 ni ìjọba kó wá láti Èkó, àwa náà sì pọ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni Nyanya fi ń jẹun àárọ̀. Ẹni tó bá dúró jókòó sídìí tábìlì, mọ́tò á fi sílẹ̀. Máì-ṣáì á da ẹyin sínú páànù, á la búrẹ́dì, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí yóò fi pọ́n. Oníàkàrà á ki mẹ́ta sáàárín búrẹ́dì fún ọ. Àwọn tó jáde láàárọ̀ báyìí náà ni bọ́ǹbù bá ní gáréèjì wa ní ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin 2014. Ó lé ní àádọ́rin èèyàn tí kò padà sílé. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò lè sọ ìtàn àárọ̀ Nyanya kí n má dárúkọ wọn.

Ó dáa, bí mo ṣe ṣe é nìyí. Efinrin le ju basil lọ, ẹ má fi òun nìkan ṣe é, á korò. Ìkúnwọ́ efinrin kan, ìkúnwọ́ méjì tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ti bọ̀ tí ẹ sì fún gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ gún aáyù ẹyọ méjì pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ fi ẹ̀pà sísun tí ẹ ti bó sí i. Lẹ́yìn náà ni ewé. Ẹ máa rọra ta òróró sí i. Bí ẹ bá rí wàrà Fúlàní, ẹ dín in, ẹ rún un sí i. Ẹ má gbé e kaná, á dúdú. Ẹ fi pa inú búrẹ́dì, ẹ fi ẹyin tàbí ẹja sí i, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ nínú páànù. Ẹ má ṣe é pamọ́ síta o: aáyù inú òróró lè di májèlé. Bí iná NEPA ò bá dúró, ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ṣe.

Ọmọ mi jẹ méjì. Ó ní ó dùn ju ti fóònù lọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì tọ́ ti fóònù wò!

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí síbí mọ orúkọ ewé Ítálì, wọn ò mọ ti ilé wọn. Ilé ń pọ̀, ẹ̀yìnkùlé ń tán, lándíọ́ọ̀dù ń da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ilẹ̀. Bí kò bá sí ilẹ̀, ẹ gbìn ín sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gé, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ sétí wọn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti wà níbí láti ìgbà ibùdó lébìrà, kí lẹ máa ń fi sáàárín búrẹ́dì nígbà yẹn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn ọmọ rí i kà. Ire o.