Àyè Inú Bọ́ọ̀sì Ìdílé àti Jíìpù: Ìtàn Ilẹ̀ Ọkọ̀

Àwọn àkọsílẹ̀ nípa bọ́ọ̀sì ìdílé, èyí tí wọ́n ń pè ní minivan, àti nípa SUV, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní jíìpù, fọ́n káàkiri, wọn kò sì bára mu: èyí fi iye lítà ẹrù díwọ̀n àyè inú ọkọ̀, tọ̀hún fi iye ìjókòó díwọ̀n rẹ̀, àwọn mìíràn sì gba ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ gbọ́ láìwẹ̀yìn wò. Ohun tó ń pinnu àyè àti ìrọ̀rùn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni ilẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ èrò ń tẹ̀, nítorí bí ilẹ̀ náà bá ṣe rẹlẹ̀ tó, tó sì tẹ́jú tó, ni orí, orúnkún àti ẹrù ṣe ń ráyè tó, bó ti wù kí òde ọkọ̀ tóbi tó.

Lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe bọ́ọ̀sì ìdílé, àríyànjiyàn pọ̀. Àwọn kan tọ́ka sí Stout Scarab, tí William Stout ṣe ní Detroit ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé ìjókòó rẹ̀ ṣeé gbé kiri, tábìlì sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tó jáde kò pé mẹ́wàá, ọkọ̀ tí kò pé mẹ́wàá kò sì lè dá ìran sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé gbé oyè náà fún Volkswagen Type 2, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní ọdún 1950, èyí tí irú rẹ̀ padà di dáńfó ní Èkó. Ó gba èrò mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó sì gbé ilẹ̀ bùùtù ga débi pé ẹni tó ń di ẹrù ní láti kọ́kọ́ gbé e sókè dáadáa kó tó lè tì í wọlé. Tí a bá fi ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe òṣùwọ̀n, DKW Schnellaster ti ọdún 1949, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni ipò àkọ́kọ́ tọ́ sí, bí àwọn òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti gbóná ni Chrysler. Hal Sperlich àti Lee Iacocca ti gbé àbá bọ́ọ̀sì ìdílé kalẹ̀ ní Ford, Henry Ford Kejì tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ kò gbà á, àwọn méjèèjì sì padà bọ́ sí Chrysler, níbi tí Dodge Caravan àti Plymouth Voyager ti jáde nígbà tí ọdún 1983 ń parí lọ. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wọn sí iwájú ní ìbúbúú, táyà iwájú ló sì ń fa ọkọ̀, nítorí náà kò sí ṣáfúùtù, ìyẹn ọ̀pá irin tó máa ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀ tó fún ọmọdé àti arúgbó láti wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà kò ga ju ohun tó lè wọ gáréèjì ilé lọ. Àwọn Faransé ní Renault Espace ti 1984 ni àkọ́kọ́, àwọn ará Japan ní Nissan Prairie ti 1982 ni. Ìjà yẹn kò ṣe pàtàkì. Èyí tó ṣe pàtàkì ni ìjókòó tó ń ká wọ inú ilẹ̀, tí Honda Odyssey fi ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tí Chrysler sì fi ìlà kejì kún un nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti 2005. Àwọn èrò sì ráhùn pé tìmùtìmù ìlà kejì yìí tín-ín-rín jù, nítorí pé ihò tí yóò wọ̀ kò jìn.

Ní ti jíìpù, Chevrolet Suburban ti wà láti 1935. Férémù irin ni wọ́n gbé ara rẹ̀ lé, ṣáfúùtù sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí ilẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ga, tí orúnkún ẹni tó bá jókòó sí ìlà kẹta fi ń sún mọ́ àyà. Nínú jíìpù Explorer ti 2002, Ford tún ìdí ọkọ̀ ṣe, ó jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan máa dá lọ sókè sódò, ilẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó láti gba ìlà kẹta. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kò parẹ́: lẹ́yìn ìlà kẹta, Toyota Sienna ti 2021, tó jẹ́ bọ́ọ̀sì ìdílé, gba nǹkan bíi lítà 950, Highlander, jíìpù tí iléeṣẹ́ kan náà ṣe, gba bíi 450. Ohun tí jíìpù fi borí ni pé awakọ̀ rẹ̀ jókòó sókè, ó sì ń ríran jìnnà, àti pé kòtò títì kì í tètè kàn án nídìí. Fún ìdílé elérò mẹ́fà, èyí kò tó ìdí láti fi bùùtù ṣòfò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Sienna tòkunbọ̀ di ọkọ̀ èrò láti ìlú dé ìlú, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń há èrò kún ìlà tí wọ́n fi ìrọ̀rùn ṣe.

Ní 2023, jíìpù Toyota Grand Highlander jáde pẹ̀lú bíi lítà 580 lẹ́yìn ìlà kẹta, Renault Espace sì di jíìpù lọ́dún kan náà. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, bátìrì ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ èrò, ilẹ̀ ọkọ̀ sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga.