Ẹyẹ Bébà Àwọn Ará Jàpáànù

Bébà tí àwọn ọmọ mi ti kọ̀wé sí tán la fi ń ṣe ẹyẹ nílé. A ó gé e kó dọ́gba, a ó ṣẹ́ ẹ po, a ó sì fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po náà kó mú dáadáa. Ọdún 1797 ni ìwé tó ń kọ́ni ní ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yìí, tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní tsuru, jáde ní Kyoto ní Jàpáànù. Àmọ́ ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sadako Sasaki ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi. Ọmọ ọdún 2 ni nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì balẹ̀ sí Hiroshima. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, tó ń ṣàìsàn lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, bébà tí wọ́n fi wé oògùn pàápàá ló ń ṣẹ́ di ẹyẹ, títí àrùn ẹ̀jẹ̀ fi pa á ní 1955. Ère ìrántí rẹ̀ tó wà ní Hiroshima láti 1958, àwọn ọmọ ilé ìwé ló dáwó rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtàn yìí du àwọn ọmọ yín.