Orúkọ Ló Kù ní Pen Cinema

Bí ẹ bá wọ dáńfó ní Maryland dé Ìkejà, tí ẹ sì wọ òmíràn lọ sí Agége, ẹ ó gbọ́ tí kọ́ńdọ́ ń ké pé, "Pen Cinema wọlé o! Ó ku ẹnì kan!" Ẹ bi ọmọ ogún ọdún tó jókòó tì yín pé fíìmù wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lónìí, ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Ibùdókọ̀ ni òun mọ̀ ọ́n sí. Láti ọdún 2021, afárá ńlá tún ti wà níbẹ̀. Ilé sinimá tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ ti kógbá wọlé tipẹ́.

Èmi tí ẹ mọ̀ sí aláròyé fíìmù àti géèmù ní kíláàsì wa, orúkọ yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kí òmìnira tó dé ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkejà, nítorí abẹ́ ìjọba yẹn ni Ìkejà wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Òṣìṣẹ́ rọ́ wá láti ibi gbogbo, wọ́n gba yàrá káàkiri Agége àti Mushin. Ẹni tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ a máa wá ibi tí yóò ti fojú lóúnjẹ. Sinimá ni ibẹ̀: fíìmù Íńdíà tí wọ́n ti ń kọrin, fíìmù Ṣáínà tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ jà. Ní 1979, Hubert Ògúǹdé gbé fíìmù Ayé jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Jáíyésimi tẹ̀lé e ní 1980. Ènìyàn ń pòórá, agbára ń kọlu agbára. Ẹ má bínú sí mi, ohun tí Marvel ń tà fún wa lónìí náà nìyẹn, àfi pé Ògúǹdé kò ní kọ̀ǹpútà. Yorùbá ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo agbára ọ̀hún.

Kí ló wá pa ilé sinimá? Láti 1986 tí náírà ti ń já wálẹ̀, owó àtiṣe fíìmù ga ju apá lọ. Ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ rìn lóru. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò sì dé, fíìmù bá kó wọ pálọ̀. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán sinimá di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìkẹ́rùsí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, òpópónà Otigba ní Ìkejà, tó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, di ọjà tí a ń pè ní Computer Village. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń sanwó gbá Winning Eleven ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Èdè Japan ni asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ, síbẹ̀ wọ́n ń pariwo "góòlù!" Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ẹ wá wo February 2024. Disney gbé Iwájú jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ iléeṣẹ́ Kugali, apá mẹ́fà, lórí Èkó ọjọ́ iwájú tí ọkọ̀ ti ń fò. Tola ń gbé ní Erékùṣù, Kole ń gbé níhìn-ín, ní ìhà tiwa, ó sì mọ ẹ̀rọ tú, ó mọ̀ ọ́n tò. Nígbà tí mo rí Kole, mo ní ọmọ Otigba nìyí! Maliyo Games, iléeṣẹ́ géèmù ti Èkó, tún bá Disney ṣe géèmù ilé oúnjẹ kan tó bá fíìmù náà rìn. Inú mi dùn dé góńgó.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ni àkọlé fíìmù náà, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Otin, róbọ́ọ̀tì aláǹgbá Tola, bó bá fẹ́ kí bàbá Tola ní Yorùbá, ṣé "ẹ" ni yóò pè é àbí "ìwọ"? Tola tó jẹ́ ọmọdé ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ a máa bọ̀wọ̀ fún olówó rẹ̀ tó kéré? Òǹkọ̀wé tó bá ń fi Yorùbá kọ fíìmù ọjọ́ iwájú gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí kí róbọ́ọ̀tì tó lanu. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ kò tilẹ̀ ní rántí bi í.

Ẹnìkan á ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń tà káyé. Squid Game ti 2021 ńkọ́? Èdè Korea ni, gbogbo ayé sì wò ó. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022, Yorùbá ni, orí Netflix ló sì wà. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: ọba, ààfin àti idán ló wà nínú Aníkúlápó. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìtàn àná, wọn a gbé e fún Yorùbá. Tí ó bá kan ọ̀la, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ké sí. Ògúǹdé kò pín in bẹ́ẹ̀. Ohun tó dé kẹ́yìn nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn kámẹ́rà, ló fi èdè wa sí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí Yorùbá má lọ di Pen Cinema, kí gbogbo ayé máa ké orúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wo nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Àwa tí a ń kọ́ èdè yìí ní yunifásítì ni iṣẹ́ náà kàn jù. Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú géèmù kékeré kan, ká kọ eré kúkúrú kan tí róbọ́ọ̀tì ti ń dọ̀bálẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ìkíni àárọ̀ ló ṣì ń dà mí láàmú, nítorí n kò tíì mọ̀ bóyá róbọ́ọ̀tì a máa jí.