Hakeem Ọlájùwọ́n: Láti Orí Pápá Dé Ipò Olùkọ́

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán ládùúgbò wa, láti Muṣin dé Yábàá. Bàbá á ní ọmọ tó ń sá lọ gbá bọ́ọ̀lù kò lè kéwú débì kan. Ọmọ náà á ní ẹni tó bá fẹ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kò ráyè ìrun àti ààwẹ̀. Ìtàn Hakeem Ọlájùwọ́n kan àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó. Òwò símẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ó wà ní Muslim Teachers College, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ó ń gbá, òun ni wọ́n sì máa ń fi ṣọ́lé. Ó tún ń gbá handball. Ó ti bàlágà dáadáa kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kan gun orí àga láti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó kan Hakeem, òun náà wá àga gùn! Ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1980 ó lọ sí yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis. Ọdún kan gbáko ni ó fi jókòó wòran kí wọ́n tó jẹ́ kí ó gbá. Ní 1983 wọ́n dé àṣekágbá, àmọ́ North Carolina State borí wọn pẹ̀lú àmì ayò 54 sí 52. Síbẹ̀ Hakeem ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ Houston Rockets máa mú ènìyàn ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ipò kẹta ni Michael Jordan wà lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ibi tó wù wá jù nínú ìtàn yìí kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà ọlidé, Hakeem a máa lọ sí gbọ̀ngàn ìṣeré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde ní Houston, níbi tí Moses Malone, ògbólógbòó nínú iṣẹ́ náà, ti máa ń gbá. Malone a máa fi èjìká tì í, a máa rọ́ lù ú, kò sì ní ṣàánú rẹ̀ nítorí pé ọmọdé ni. Ẹni tó bá jókòó lẹ́sẹ̀ àáfáà rí mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Hakeem wá pa á pọ̀ mọ́ ohun tó gbé bọ̀ láti Èkó. Ẹsẹ̀ aṣọ́lé ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Á mi èjìká sí ọ̀tún, alátakò á fò sókè. Kí ẹni yẹn tó balẹ̀, Hakeem ti yí sí òsì, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Dream Shake ni wọ́n sọ ẹ̀tàn náà.

Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé ní álífù mọ bí ẹnu Yorùbá ṣe máa ń gbé háù mì. Ní 1991 ó dá lẹ́tà náà padà, ó di Hakeem, ìyẹn ọlọ́gbọ́n, bí Lárúbáwá ṣe ń pè é. Àwọn kan lè ní kékeré ni. Lójú tiwa, kò kéré.

Ní 1994 àwọn Rockets borí New York Knicks, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ NBA. Lọ́dún kan náà Hakeem gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù, ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù, àti ti ẹni tó tayọ jù ní àṣekágbá. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1995, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ni Rọ̀mọdáánì bẹ̀rẹ̀. Ó gbààwẹ̀, omi kò kan ẹnu rẹ̀ lójúmọmọ, òun náà sì ni NBA yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù fún oṣù náà. Wọ́n tún gba ife lọ́dún náà, wọ́n na Orlando Magic ní mẹ́rin sí òdo. Nígbà tí ó fi máa fẹ̀yìn tì ní 2002, lẹ́yìn ọdún kan ní Toronto, ìgbà 3,830 ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù lókè. Kò tíì sí ẹni tó bá a níbẹ̀.

Kò gba iṣẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kankan. Ilẹ̀ Jọ́dánì ni ó kó ìdílé rẹ̀ lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ sí Houston. Láti 2006 ni ó ti ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù gíga ní ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí. Kobe Bryant, tó ti gba ife mẹ́rin, wá jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní 2009. Dwight Howard náà wá. LeBron James wá ní 2011, ìgbà tí òun kò tíì gba ife kankan. Ní 2012 ó gba àkọ́kọ́.